Àwọn Àṣìṣe tí Ó Wọ́pọ̀ nígbà tí Àwọn Ayàwòrán-Ilé Bá Da Iṣẹ́ Pọ̀ ní Àgbádárìgì

Ní Àgbádárìgì lónìí, kò ṣòro láti rí ọ̀dọ́ ayàwòrán-ilé méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tí wọ́n gba yàrá kan lẹ́bàá títì tó lọ sí Sẹ̀mẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ sára pátákó pé ilé tí kì í ba àyíká jẹ́ ni àwọn ń yà. Èrò náà dára. Àmọ́ kì í sábà jẹ́ àìríṣẹ́ ló ń tú irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ká. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ìpinnu láàárín ara wọn, àti pẹ̀lú àwọn tí yóò fọwọ́ kọ́ ilé náà, ló ń tú u ká.

Àṣìṣe tí ó burú jù lójú tèmi ni kí gbogbo ẹgbẹ́ máa ṣe olórí iṣẹ́ kan náà. Ẹ wo ilé-iṣẹ́ The Architects Collaborative, tí Walter Gropius àti àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán-ilé méje dá sílẹ̀ ní Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1945. Gropius ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà, òkìkí rẹ̀ sì ti kàn láti Jámánì, níbi tí ó ti dá Bauhaus, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní 1919, síbẹ̀ kò fi orúkọ ara rẹ̀ pe ilé-iṣẹ́ tuntun náà. Ibi tí àwọn tó ń fara wé wọn dúró sí nìyẹn: kí orúkọ ẹnìkan má yọ ju ti ẹlòmíì lọ. Ohun tí wọn kò kíyè sí ni pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Gropius àti ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọn a tẹ́ àwòrán sílẹ̀, àwọn yòókù a sì sọ ohun tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn láìfi bò. Ṣùgbọ́n nígbà tí àríyànjiyàn bá parí, ẹni tí iṣẹ́ náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni yóò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí, òun náà ni yóò sì dáhùn bí nǹkan bá bàjẹ́. Níbi ìṣíde ilé-iṣẹ́, a máa ń pa òwe àgbájọ ọwọ́ tí a fi ń sọ̀yà, a kì í sì í rántí pé apá kan ṣoṣo ló ń gbé ọwọ́ náà. Bí ẹni mẹ́ta bá jọ ni pílánù kan láìsí olórí, tí omi bá sun nínú ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́, ọ̀kan á ní kí bíríkìlà dúró, èkejì á ní kó máa bá iṣẹ́ lọ, ẹ̀kẹta kò ní gbé fóònù, owó onílé ni yóò sì ṣòfò.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni kí a ka kìkì àwọn tó lọ sí yunifásítì mọ́ ẹgbẹ́. Nígbà tí Francis Kéré, ayàwòrán-ilé ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso, kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú rẹ̀, tí wọ́n parí ní 2001, àwọn ará abúlé fúnra wọn ló fọwọ́ kọ́ ọ, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ tuntun nídìí rẹ̀. Kéré ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba Pritzker, ẹ̀bùn ńlá àwọn ayàwòrán-ilé lágbàáyé, ní 2022. Ní Àgbádárìgì, bíríkìlà Ègùn tí wọ́n bí sí etí ọ̀sà mọ ibi tí omi ń dúró sí ní oṣù kẹfà àti páánù tí kì í pẹ́ dípẹtà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán-ilé kì í bi í ní nǹkan kan títí di ọjọ́ tí wọ́n bá gbé pílánù tó ti parí fún un.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yin Kéré tán, tó wá da òrùlé rẹ̀ kọ bó ṣe rí, ti ṣe àṣìṣe mìíràn. Ní Gando, wọ́n gbé páánù sókè kúrò lórí àjà amọ̀ pẹ̀lú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kí ooru lè máa bá àárín wọn jáde. Ọgbọ́n náà wúlò níbi gbogbo tí oòrùn ti ń mú, àmọ́ afẹ́fẹ́ òkun tiwa ní iyọ̀, yóò sì jẹ irú irin bẹ́ẹ̀ bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa tí a fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ pò ń lálòpẹ́ níbí, bí etí òrùlé bá gùn, tí ìpìlẹ̀ sì ga ju ibi tí òjò ń ta sí lọ. Kí ògiri gígùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí fèrèsé sì gba atẹ́gùn tó ń ti òkun bọ̀. Sólà tí a tò sórí ilé tí gíláàsì rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn kò sọ ilé náà di ilé tí kì í ba àyíká jẹ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ni yóò jẹ iná náà tán. Ìwé-ẹ̀rí EDGE pàápàá, tí IFC, ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé, dá sílẹ̀ fún ilé tí kì í ba àyíká jẹ́, kò wo iná nìkan: ilé gbọ́dọ̀ dín ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún kù nínú iná, nínú omi, àti nínú èéfín kábọ́ọ̀nù tí ṣíṣe àwọn ohun èlò ìkọ́lé rẹ̀ ń tú jáde.

Nípa ìwé àṣẹ, ọ̀rọ̀ kò pọ̀: ẹni tí ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán-ilé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kò tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní ayàwòrán-ilé, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni da ìpìlẹ̀ kí LASPPPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń fún ni ní àṣẹ ìkọ́lé, tó fọwọ́ sí pílánù.

Àìronú nípa ìtọ́jú náà wọ́pọ̀. Òjò ńlá wó ilé-ẹ̀kọ́ orí omi tí ayàwòrán-ilé Kúnlé Adéyẹmí ṣe sí Màkókó ní oṣù kẹfà 2016, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n parí rẹ̀. A dúpẹ́ pé kò sí ọmọ nínú rẹ̀. Adéyẹmí ti tún ètò náà ṣe, ó sì ti kọ́ irú rẹ̀ sí Venice àti Bruges ní Yúróòpù. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì tó wà ní Àgbádárìgì níbí, tí wọ́n parí ní 1845, ṣì dúró nítorí pé àwọn tó ń tún un ṣe kò tíì tán. Ẹni tí yóò máa kun igi, tí yóò máa pààrọ̀ páánù, àti ibi tí owó rẹ̀ yóò ti wá, inú ìwé àdéhùn ló yẹ kó wà kí a tó gbẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá wá ń gbèrú, àṣìṣe tó kù ni kí a má kọ ohunkóhun sílẹ̀ nípa ẹni tí yóò kúrò. Benjamin Thompson, ọ̀kan nínú àwọn méje tó bá Gropius dá The Architects Collaborative sílẹ̀, lọ dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, Gropius sì kú ní 1969. Síbẹ̀ The Architects Collaborative, tó ti ya àwòrán Yunifásítì Baghdad, ń ṣiṣẹ́ lọ títí gbèsè fi tì í pa ní 1995. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí ẹnìkan bá gba físà Kánádà, kọ̀ǹpútà tí gbogbo àwòrán wà nínú rẹ̀ lè bá a wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀: ẹni tó ni àwòrán, iye tí ẹni tó ń lọ yóò gbà nínú iṣẹ́ tí kò tíì parí, àti ẹni tí onílé yóò máa bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ kejì.