Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Sọ Èéfín àti Pàǹtírí Olóró Di Ẹjọ́ Ìjọba

Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, àwọn aṣàyẹ̀wò láti àjọ EPA, ìyẹn àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, ń bọ̀ wá wo ilé-iṣẹ́ Tonawanda Coke. Ìtòsí odò Niagara ní ìpínlẹ̀ New York ni ilé-iṣẹ́ náà wà, èédú ilẹ̀ ni wọ́n sì ń yan nínú ààrò níbẹ̀ kó lè di kóòkù tí àwọn onírin ń lò. Kí àwọn aṣàyẹ̀wò tó dé, ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àyíká pe òṣìṣẹ́ kan, ó ní kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àlejò mọ̀ pé fáàfù kan wà tó máa ń tú gáàsì ààrò sáfẹ́fẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ bó ṣe yẹ. Fáàfù náà kò sí nínú ìwé àṣẹ tí ìjọba fún wọn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2013, kóòtù dá ilé-iṣẹ́ náà lẹ́bi ẹ̀sùn mẹ́rìnlá: mọ́kànlá lórí òfin Clean Air Act, ìyẹn òfin tó ń dáàbò bo afẹ́fẹ́, mẹ́ta lórí òfin pàǹtírí olóró. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, adájọ́ ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 12.5 dọ́là owó ìtanràn, kí wọ́n sì tún gbé mílíọ̀nù 12.2 dọ́là sílẹ̀ fún ìwádìí lórí ìlera àwọn ará àdúgbò àti ilẹ̀ wọn. Ọ̀gá yẹn gba ẹ̀wọ̀n ọdún kan.

Ìtàn yìí kì í kúrò lọ́kàn mi. Fáàfù ṣeé tún ṣe. Ìwé àṣẹ ṣeé lọ bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin tó ń darí ilé-iṣẹ́, ẹ̀yin tó ń kọ àkọsílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin tí wọ́n ń rán ní iṣẹ́ tí ọkàn yín kò gbà, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀: bí wọ́n ṣe fẹ́ bo èéfín mọ́lẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n.

Bíbo ohun tó ń rú mọ́lẹ̀

Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, rírú ló ń rú. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń tú gáàsì síta ní ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí: òṣìṣẹ́ tó yí fáàfù, ẹni tó ta epo ààrò, ìwé owó iná, ẹ̀rọ tó ń ka èéfín lórí ọ̀pá. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ irọ́ sínú ìwé tí òfin Clean Air Act béèrè, tàbí tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín kó lè ka ohun tó wù ú, lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Bí ẹni náà bá mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe lòdì sí òfin, òfin kò yọ ọ́ sílẹ̀ torí pé ọ̀gá rẹ̀ ló rán an.

Oríṣi irọ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí irọ́. Òun ni pé kí ènìyàn jókòó sínú ọ́fíìsì ní ọjọ́ Ẹtì, kó kọ gbogbo nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Aṣàyẹ̀wò tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ máa ń rí i lójú ẹsẹ̀: bíìrò kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà, ooru ààrò tí kò yí padà láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, àyẹ̀wò àgbá tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ó sàn kí ẹ fi ààyè sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Ààyè òfìfo lè mú owó ìtanràn wá, ṣùgbọ́n nọ́ńbà irọ́ ń mú ọlọ́pàá wá.

Bí lẹ́tà ìjọba bá sì ti dé, ẹ má pa ohunkóhun rẹ́, ìbáà jẹ́ lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà tàbí ọ̀rọ̀ orí fóònù. Nígbà tí Volkswagen jẹ́wọ́ ẹ̀bi ní kóòtù Amẹ́ríkà ní 2017 lórí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tó ń tú èéfín ju ohun tó ń fi hàn nígbà àyẹ̀wò, ẹ̀sùn ìdíwọ́ fún ìwádìí wà lára ohun tí wọ́n jẹ́wọ́, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ wọn pa àwọn ìwé rẹ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìjọba ń bọ̀. Bílíọ̀nù 2.8 dọ́là ni owó ìtanràn ọ̀daràn nìkan.

Pípe pàǹtírí ní orúkọ tó wù yín

Òfin RCRA ti ọdún 1976, ìyẹn òfin pàǹtírí olóró ti Amẹ́ríkà, máa ń tọ pàǹtírí olóró lẹ́sẹ̀ láti ibi tó ti jáde títí dé ibi tí wọ́n bá a lò kẹ́yìn. Kò bìkítà bóyá ẹ̀yin kà á sí olóró. Ohun tó ń wò ni bóyá ó lè tètè gbiná, bóyá ó lè jẹ irin, bóyá ó lè bú gbàù tàbí kó tú èéfín májèlé bí omi bá kàn án, àti bóyá májèlé bí òjé lè jò láti inú rẹ̀ wọ omi inú ilẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ìjọba ní àkójọ orúkọ àwọn pàǹtírí tó ti jẹ́ olóró láìsí àríyànjiyàn. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọ̀dà tó máa ń kù sí ìdí ìkòkò ní ilé-iṣẹ́ kóòkù wà lára wọn. Òfin gbà kí wọ́n dá a padà sínú ààrò, bí kò bá ti kan ilẹ̀. Ní Tonawanda, orí òkìtì èédú tó wà lórí ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń dà á sí kí wọ́n tó kó o lọ sínú ààrò. Ibẹ̀ ni ẹ̀sùn pàǹtírí ti wá.

Àwọn kan rò pé ilé-iṣẹ́ tó ní ààrò àti ọ̀pá èéfín nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Walmart kò ní ààrò, ṣọ́ọ̀bù ló ní. Síbẹ̀ ní 2013 ó jẹ́wọ́ ẹ̀bi, mílíọ̀nù 81.6 dọ́là sì ni ọ̀ràn náà ná an, nítorí oògùn kòkòrò, omi aṣọ-funfun àti àwọn ọjà bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníbàárà dá padà. Kò sẹ́ni tó kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń bójú tó wọn, wọ́n sì ń jù wọ́n sínú ìdọ̀tí ìlú tàbí kí wọ́n dà wọ́n sínú gọ́tà ìdọ̀tí.

Àṣìṣe tí mo rò pé ó burú jù níbí ni ti ẹni tó ní ìwé pé òfin yọ òun sílẹ̀, tó wá ń po nǹkan mìíràn mọ́ ohun tí òfin yọ. Lóòótọ́, òfin Amẹ́ríkà yọ pàǹtírí kan tó ń ti ibi ṣíṣe ajílẹ̀ jáde sílẹ̀. Ìjọba fi ẹ̀sùn kan Mosaic, tó ń ṣe ajílẹ̀ ní Florida àti Louisiana, pé ó ń po ásíìdì mìíràn tí òfin kò yọ mọ́ ọn. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 2015 kan ilé-iṣẹ́ mẹ́jọ. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là ni owó ìtanràn, ṣùgbọ́n iye gbogbo iṣẹ́ àtúnṣe, ìtọ́jú àti owó tí wọ́n ní láti yà sọ́tọ̀ sún mọ́ bílíọ̀nù méjì. Ẹni tó bá ń fi owó ìtanràn nìkan ṣe ìṣirò ewu rẹ̀ kò tíì ṣírò nǹkan kan.

Ti àgbá tí ẹ ń kó pàǹtírí sí kò gùn. Ẹ dé ọmọrí rẹ̀ àfi tí ẹ bá ń bu nǹkan sí i tàbí tí ẹ bá ń bù ú jáde. Ẹ kọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ sí ara rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń mú 1,000 kìlógíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde lóṣù kò gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ ju ọjọ́ 90 lọ láìgba ìwé àṣẹ. Ó yà mí lẹ́nu bí àgbá tí kò ní ọmọrí ṣe ń fara hàn nínú ẹjọ́ tó, nígbà tí kò gba ènìyàn ní ìṣẹ́jú kan.

Wíwá ẹni tí yóò gbé e dànù lówó pọ́ọ́kú

Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n lórí pàǹtírí olóró, àwọn méjèèjì ni òfin ń wá.

Ní 2006, ọkọ̀ ojú omi Probo Koala tí Trafigura, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣòwò epo, yá gbé pàǹtírí tó rùn burúkú dé Amsterdam. Nígbà tí àwọn tó yẹ kó gbà á níbẹ̀ rí bó ṣe rí, wọ́n gbé owó sókè. Dípò kí Trafigura sanwó, wọ́n fa pàǹtírí náà padà sínú ọkọ̀, ó sì ń rìn títí ó fi dé Abidjan ní oṣù kẹjọ. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ló gbà á níbẹ̀ ní owó tí kò tó nǹkan. Òru ni wọ́n lọ ń dà á káàkiri ìlú, títí kan ààtàn Akouédo. Àwọn tó sá lọ sílé ìwòsàn lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún. Lọ́dún 2007, Trafigura san nǹkan bíi mílíọ̀nù 198 dọ́là fún ìjọba Côte d'Ivoire, láìgbà pé òun jẹ̀bi. Lọ́dún 2010, kóòtù Netherlands bu mílíọ̀nù kan yúrò lé e lórí nítorí pàǹtírí tó kó jáde láìbófin mu. Mo máa ń ronú nípa àwọn ọmọ tó jí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tí afẹ́fẹ́ ilé wọn ti yí padà. Wọn kò mọ orúkọ ọkọ̀ kankan.

Kí ẹ tó gbé àgbá kan jáde, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ẹni tó ń gbé e àti ti ibi tó ń gbé e lọ, kí ẹ fi ìpè wádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba fúnra yín. Ẹ dúró de ìwé tó bá ẹrù rìn títí yóò fi padà sọ́wọ́ yín pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé ẹni tó gbà á. Ní Amẹ́ríkà, bí ilé-iṣẹ́ ńlá kò bá rí ìwé náà gbà láàárín iye ọjọ́ tí òfin là sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ìjọba. Bí ẹnì kan bá sì ní ìdajì owó tí àwọn yòókù ń gbà lòun yóò gbà, ẹ bi ara yín léèrè ibi tó ń dà á sí.

Dídúró títí ìjọba yóò fi rí i

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Owó ìtanràn Clean Air Act lè lé ní 100,000 dọ́là fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lórí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe kan tó pẹ́ tó igba ọjọ́ lè di ogún mílíọ̀nù. Ìjọba á tún ṣírò èrè tí ẹ jẹ níbi tí ẹ kò ra ẹ̀rọ tó yẹ, á sì gbà á padà.

EPA ní ètò kan fún ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: kí ó kọ̀wé láàárín ọjọ́ 21 tó rí i, kí ó sì tún un ṣe láàárín ọjọ́ 60. Bó bá pé gbogbo ohun tí ètò náà béèrè, apá owó ìtanràn tó dá lórí bí àṣìṣe náà ṣe wúwo tó lè wọlẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n kò sí ètò yìí mọ́ fún ẹni tí aṣàyẹ̀wò ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ má sì gbára lé "ẹ̀rọ ló bàjẹ́". Láti ìgbà tí kóòtù Washington ti wọ́gi lé àyè tí EPA fi sílẹ̀ fún ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń tan, tó bá ń kú tàbí tó bá bàjẹ́, ní 2008, àwíjàre yẹn ti di ahẹrẹpẹ.

Àwọn ará àdúgbò náà wà níbẹ̀. Ní Tonawanda, àwọn tó ń gbé ní ìtòsí ilé-iṣẹ́ náà ló kọ́kọ́ fi garawa gba afẹ́fẹ́, tí wọ́n gbé e lọ síbi àyẹ̀wò, tí wọ́n rí benzene tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe ìwádìí ọlọ́dún kan. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń pe irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní aláriwo ń sọ ẹni tó lè kì í nílọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nù.

Rírò pé ìbuwọ́lùwé ló parí rẹ̀

Bí ẹjọ́ bá parí sí àdéhùn tí adájọ́ fọwọ́ sí, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ìtanràn fún gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá fi pẹ́ ti wà nínú ìwé náà tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ẹnì kan tí iṣẹ́ mìíràn kò sí lọ́rùn rẹ̀ sídìí rẹ̀, ẹ sì fún un ní agbára láti dá ẹ̀rọ dúró láìkọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ka owó. Kò tíì pé ọdún márùn-ún tí wọ́n bu owó ìtanràn lé Tonawanda Coke lórí tí adájọ́ fi rí i pé èéfín wọn tún ti nípọn ju ìwọ̀n lọ, pé wọ́n ti rú ìlérí tí kóòtù fi sí wọn lọ́rùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni iná kú nínú ààrò wọn, àwọn òṣìṣẹ́ lọ sílé, EPA sì wọ inú ọgbà náà lọ láti kó ohun tí wọ́n fi sílẹ̀.