Bí A Ṣe Ń Fi Férémù Igi Pín Yàrá Abẹ́ Ilé

Ní àwọn ìlú Ìgbómìnà tí òkè yí ká, ẹni tí ó bá kọ́lé sí ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ sábà máa ń ní àyè kan lábẹ́ dẹ́kìn, tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ wọ inú ilẹ̀, tí iwájú rẹ̀ sì ṣí síta. Bí ó bá yá, onílé á fẹ́ pín àyè náà sí yàrá. Búlọ́ọ̀kù ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń lọ sí, ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù wúwo, bí kò bá sì sí ìpìlẹ̀ lábẹ́ ibi tí a mọ ọ́n sí, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ lè sán. Férémù igi fúyẹ́ jù ú lọ, a sì lè tú u lọ́jọ́ iwájú láìba ilé jẹ́.

Ọ̀rọ̀ omi ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Ẹ má ra igi kankan títí ẹ ó fi mọ̀ bóyá ògiri ẹ̀yìn àti ilẹ̀ ń sun omi, ìgbà òjò sì ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé nígbà ọyẹ́ kò sí ògiri tí kì í dà bí èyí tí ó gbẹ. Ẹ gé ọ̀rá tí ojú ríran kọjá rẹ̀, kí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 2 níbùú lóròó, ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ilẹ̀ pinpin, kí ẹ sì lẹ òmíràn mọ́ ògiri. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, bí ìrì bá wà lábẹ́ ọ̀rá, inú ilẹ̀ ni omi ti ń wá. Bí ó bá jẹ́ ojú rẹ̀ lókè ni ó tutù, ọ̀rinrin inú yàrá ni, fèrèsé ni ibẹ̀ sì ń fẹ́. Omi tí ó ti inú ilẹ̀ wá kò gbọ́ ti ọ̀dà: ìta ni a ti ń dí ọ̀nà rẹ̀, nípa gbígbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀yìn ilé kí omi òkè lè yà lọ. Ẹni tí ó bá kan igi mọ́ ògiri tí ó ń sun omi, ikán ni ó ń se àsè fún.

Igi tú-báì-tíríì (íǹṣì 2 sí 3) tó fún ògiri tí kò ru nǹkan kan, ṣùgbọ́n tú-báì-fóò (íǹṣì 2 sí 4) ni ó yẹ ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá dé àdúgbò Sawmill ní Ìlọrin tàbí ibòmíràn tí wọ́n ti ń ta pákó, ẹ fi téèpù wọn igi náà fúnra yín, nítorí pé èyí tí wọ́n pè ní íǹṣì 2 kì í sábà pé. Arère rọrùn láti rẹ́, ṣùgbọ́n ikán fẹ́ràn rẹ̀; ìrókò tàbí apá ni mo fara mọ́ fún igi ìsàlẹ̀, èyí tí a ń kàn mọ́ ilẹ̀, bí ó tilẹ̀ wọ́n. Ẹ to igi náà sí ibòji kí ó gbẹ, ẹ fi oògùn ikán kùn ún, ẹ sì tún kun gbogbo ojú ibi tí ẹ bá gé lẹ́yìn náà, nítorí ibẹ̀ ni àwọn káfíńtà máa ń gbàgbé jù.

Ẹ fi okùn tí a fi ẹfun pa ta ìlà ògiri sí ilẹ̀. Ògiri tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó wọlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àlàfo íǹṣì 1 jìnnà sí i. Láti mọ̀ bóyá igun gún, ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lára ìlà kan àti 4 lára èkejì. Bí àmì méjèèjì bá fi ẹsẹ̀ bàtà 5 gẹ́lẹ́ jìnnà síra wọn, igun náà pé. Ẹ wá fi okùn tí a so irin mọ́ gbé ìlà náà lọ sí abẹ́ dẹ́kìn.

Ẹ tẹ́ ọ̀rá tí ó nípọn sábẹ́ igi ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ìṣó kọnkéré kàn án mọ́lẹ̀, ẹ sì fo ibi tí ilẹ̀kùn yóò wà. Ẹ kan igi òkè mọ́ abẹ́ dẹ́kìn bákan náà, àfi pé kí ẹ ṣọ́ra ní sàkáání ibi tí gílóòbù wà, torí pé páìpù wáyà wà nínú dẹ́kìn níbẹ̀.

Igi ìdúró, èyí tí ó nà láti igi ìsàlẹ̀ dé igi òkè, ni iṣẹ́ gan-an. Íǹṣì 16 ni a ń fi sáàárín wọn, láti àárín igi kan dé àárín èkejì, nítorí pé íǹṣì 48 ni ìbú pákó plywood tí a ó fi bo ojú ògiri, etí rẹ̀ yóò sì bọ́ sí àárín igi kí èyí tí ó tẹ̀ lé e lè rí ibi dì mú. Etí ògiri ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n ọ́n, kì í ṣe àárín igi àkọ́kọ́. Ẹ má gé gbogbo wọn ní ìwọ̀n kan náà, nítorí ilẹ̀ tí bíríkìlà dà kì í tẹ́jú délẹ̀, abẹ́ dẹ́kìn pẹ̀lú sì máa ń yọ ikùn níbi tí pákó rẹ̀ ti tẹ̀ nígbà tí wọ́n ń da kọnkéré. Ẹ wọn ibì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára igi ìsàlẹ̀, kí ẹ sì gé e dé ibi tí yóò jẹ́ pé òòlù ni ẹ ó fi rọra lù ú wọlé. Igi tí ó bá wọlé wẹ́rẹ́ ti kúrú. Kí ẹ tó gbé igi dúró, ẹ gbé ojú kan sí ìdí rẹ̀, kí ẹ wò ó dé orí: bí ó bá tẹ̀ díẹ̀, ìhà kan náà ni kí ikùn gbogbo wọn kọjú sí, kí ojú ògiri má baà rí ṣégeṣège. Ìṣó íǹṣì 3 ni ẹ ó kàn ní ìdàgẹ̀rẹ̀, méjì lápá kan, ọ̀kan lápá kejì. Ìrókò àti apá máa ń là, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ lu ihò tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìṣó lọ.

Ní ẹnu ọ̀nà, igi méjì ni yóò dúró ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan dé òkè, èkejì kúrú láti gbé àtẹ́rígbà; àlàfo náà yóò sì fi ìdajì íǹṣì ju férémù ilẹ̀kùn lọ lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi igi kúkurú dábùú ibi tí ẹ bá fẹ́ gbé tẹlifíṣàn kọ́.

Ẹ bo ojú kan, kí oníná fa wáyà rẹ̀, kí ẹ sì fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó bo ojú kejì. Ìdajì íǹṣì ni kí pákó fi ga ju ilẹ̀ lọ, kí omi tí a fi ń fọ ilẹ̀ má baà gun un; igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kàn mọ́ ìdí ògiri ni yóò bo àlàfo náà.