Gígùn Padà Ni Iṣẹ́: Ìrìn Mi Nínú Ọ̀gbun Grand Canyon

Òkè tí a mọ̀, ìgbà tí agbára ẹni ṣì pé la máa ń gùn ún. Tó bá wá rẹ ni, a ó máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wálé. Ní Grand Canyon, òdìkejì ni. Orí bèbè ọ̀gbun lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí orúnkún bá sì ti ń gbọ̀n ni òkè tó ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀, mo sì mi orí bí ẹni tó gbọ́.

Flagstaff, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Arizona lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni mo sùn sí, nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Ìrìn mọ́tò bíi wákàtí kan ààbọ̀ ni láti ibẹ̀ dé bèbè gúúsù ọ̀gbun náà. Mo san dọ́là 35 fún mọ́tò mi lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ìjọba tí ọ̀gbun náà wà nínú rẹ̀. Owó ọjọ́ 7 ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ méjì péré ni mo ní. Bèbè yìí ga ju mítà 2,000 lọ, nítorí náà òtútù ló kí mi káàbọ̀ sí aṣálẹ̀ tí mo ti ń bẹ̀rù ooru rẹ̀ láti ilé.

Ọjọ́ kìíní, mi ò sọ̀kalẹ̀ rárá. Mo rìn lórí Trail of Time, ọ̀nà pẹrẹsẹ kan tí mítà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ dúró fún mílíọ̀nù ọdún kan, tí wọ́n sì to òkúta inú ọ̀gbun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ọjọ́ orí wọn ṣe tẹ̀ léra. Òkúta ẹfun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi lórí bèbè ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 270. Kí n tó dé ìdí èyí tó dàgbà jù, mo ti rìn ju kìlómítà kan ààbọ̀ lọ. Ká ní inú ìwé ni mo ti kà á ni, ǹ bá ti gbàgbé. Ẹsẹ̀ mi ló kà á fún mi.

Ọjọ́ kejì, mo mú ọ̀nà South Kaibab. Cedar Ridge ni mo fẹ́ dé, máìlì kan ààbọ̀ ní lílọ nìkan. Mọ́tò àdáni kì í dé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà, torí náà mo wọ bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ọgbà kí ilẹ̀ tó mọ́. Omi ò sí lójú ọ̀nà yẹn rárá. Lítà mẹ́ta ni mo gbé, pẹ̀lú ẹ̀pà oníyọ̀, torí ẹni tó ń làágùn tó kàn ń da omi sọ́nà ọ̀fun láìjẹ iyọ̀ lè ṣàìsàn.

Ọ̀nà náà ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ lára ògiri òkúta, ó sì rọrùn débi pé mo ń kọrin. Níbi tí wọ́n ń pè ní Ooh Aah Point, ògiri ṣí lójijì. Mo ti ń fi orúkọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹnu mi ló ṣáájú ké. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ìbaaka gòkè bọ̀, èèyàn lórí wọn. Àwọn ló ni ọ̀nà. Mo fara ti ògiri, mo dákẹ́, mo gbé eruku àti òórùn ìtọ̀ mì, mi ò sì kúrò títí èyí tó kẹ́yìn fi jìnnà.

Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi dé Cedar Ridge. Ibẹ̀ ni ojú ti ń kán mi. Odò Colorado tó gbẹ́ gbogbo ọ̀gbun yìí, mi ò tíì rí i; ó di Skeleton Point, tó jẹ́ máìlì mẹ́ta láti òkè. Ara mi le, agogo mẹ́jọ ò tíì lù. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì kọjá lára mi, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lọ, ike omi kékeré kan ṣoṣo láàárín wọn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé wọn. Mo wo ike omi yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, mo yí padà.

Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi gòkè. Oòrùn ti yọ sí ògiri, òkúta ń mú ooru jáde, afẹ́fẹ́ sì fẹ́lẹ́ débi pé ìṣísẹ̀ ogún ni mò ń gbé kí n tó dúró mí. Orin ti tán. Mo da omi sí aṣọ, mo fi wé ọrùn. Ìyẹn ló ràn mí lọ́wọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Lókè, mo rí òṣìṣẹ́ ọgbà kan, mo sọ ti àwọn ọ̀dọ́kùnrin yẹn fún un. Ó bi mí pé irú aṣọ wo ni wọ́n wọ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì gbé omi.