Mobile Home Yín ní Texas: Ṣé Kí Ẹ Tà Á, àbí Kí Ẹ Gba Ayálégbé Sí I?

Mobile home ni ilé tí wọ́n kọ́ ní ilé iṣẹ́, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé wá sórí ilẹ̀. Ẹ má tíì wo ilé náà. Ilẹ̀ tó dúró lé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ta ló ni ín?

Bó bá jẹ́ páàkì, ìyẹn ọgbà tí wọ́n ti ń háyà ilẹ̀ fún irú ilé yìí, ni ẹ ti ń san owó ilẹ̀ lóṣooṣù, ẹ mú ìwé àdéhùn jáde, kí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ páàkì ni kì í gbà kí onílé kó ayálégbé wọlé. Èmi ò ka tèmi. Ìyá ọlọ́mọ méjì kan ti ń gbé ibẹ̀ kí lẹ́tà tó dé pé kó jáde láàárín ọjọ́ 30. Ojú rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ sọ fún un kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Bí páàkì bá tilẹ̀ gbà, ẹ ṣírò rẹ̀. Ká ní ayálégbé ń san $1,100. Owó ilẹ̀ gba $600, inṣọ́ránsì $90, ẹ sì ya $150 sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. $260 ló kù, a ò tíì fọwọ́ kan owó orí. Bí ilé bá wá ṣófo fún oṣù kan péré, owó ilẹ̀ nìkan ti jẹ èrè oṣù méjì ó lé. Lójú tèmi, ẹni tí kò ni ilẹ̀, kó tà á, kó sì tètè tà á, torí ilé tó wà lórí ilẹ̀ onílẹ̀ sábà máa ń wálẹ̀ lówó bó ṣe ń gbó.

Bí ilẹ̀ bá jẹ́ tiyín, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ gba ayálégbé, ṣùgbọ́n ẹ máa ka ọdún. Ẹni tó bá fi ilé náà ṣe ibùgbé fún ọdún 2 nínú ọdún 5 tó ṣáájú títà lè yọ èrè tó tó $250,000, tàbí $500,000 fún tọkọtaya, kúrò nínú owó orí ìjọba àpapọ̀. Bí ayálégbé bá lò ju ọdún 3 lọ níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ kó jáde, àǹfààní yẹn ti bọ́.

Ẹ yí lọ sẹ́yìn ilé. Bí wọ́n bá kọ́ ọ láti ọjọ́ 15 oṣù Okúdù 1976 síwájú, ẹ ó rí irin pupa pẹlẹbẹ kékeré kan lára ògiri. Àmì HUD nìyẹn, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà kùn ún bò. Báńkì tó fẹ́ yá olùrà lówó lè bèèrè rẹ̀. Nínú ilé, ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ibi ìwẹ̀. Bó bá ń rì bíi tìmùtìmù, omi ti jẹ pákó abẹ́ rẹ̀. Ẹ tún un ṣe kí ayálégbé tó wọlé. Bí títà lẹ fẹ́ tà, ẹ sọ ọ́ fún olùrà.

Rìsíìtì ọwọ́ kò tó láti fi ta ilé. Statement of Ownership (ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ilé), tí TDHCA, ilé iṣẹ́ ìjọba Texas tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, ń fúnni, ni ìwé rẹ̀. Bí orúkọ ẹni tó tà á fún yín bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ yí i padà.

Kí ẹ tó fún ayálégbé ní kọ́kọ́rọ́, ẹ pe ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì, kí ẹ sọ pé ẹ kò gbé ibẹ̀ mọ́. Bí iná bá jó o láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀, wọ́n lè kọ̀ láti san kọ́bọ̀.