Bí A Ṣe Ń Wá Olú Tíńtín Tó Ń Jẹ Láíkìn Lára Igi

Ẹ dúró nídìí àgbọn ní Àgbádárìgì, ẹ ó rí àmì roboto-roboto aláwọ̀ eérú lára rẹ̀, àfi bíi làpálàpá lórí ọmọdé. Láíkìn nìyẹn. Olú kan àti ewédò tíńtín ló jọ ń gbé ibẹ̀: ewédò ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ, olú ń fi ara ṣe ilé fún un. Kò mu oje igi rárá. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń fi àdá ha á dànù, ẹ fi í sílẹ̀.

Àfòmọ́ gidi ni èyí tí a fẹ́ wá, olú kékeré tó ń jẹ́ Tremella. Ó máa ń ki fọ́nrán bọ inú olú tó kọ́lé láíkìn, á sì máa fa oúnjẹ rẹ̀ mu. Ọ̀pọ̀ wọn kò tóbi ju kóró ata lọ. Ọdún 1996 ni Paul Diederich, onímọ̀ nípa láíkìn láti orílẹ̀-èdè Luxembourg, fún púpọ̀ nínú wọn lórúkọ.

Àsìkò ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Lọ́gbẹlẹ̀, á súnkì bíi pọ̀nmọ́ gbígbẹ, ojú kò ní tó o. Bí òjò bá rọ̀, á mumi, á wú, á máa dán. Oṣù kẹfà ni mo fẹ́ràn jù, láàárọ̀ tí òjò òru ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Bí òjò kò bá sí, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10.

Ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10. Ojú ni ẹ ó gbé e mọ́, kí ẹ tó wá sún orí mọ́ igi díẹ̀díẹ̀. Kókó kékeré tó pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí tó dúdú, tó ń dán bí ojú ẹja tútù, ni kí ẹ máa wá. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́: yóò tẹ̀, yóò sì padà sípò. Bó bá le tó sì ń rún, ara láíkìn fúnra rẹ̀ ni. Láíkìn kan wà tó ń jẹ́ Leptogium tóun náà máa ń wú lẹ́yìn òjò, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ bí ewé, àwọ̀ rẹ̀ sì ń lọ sí ti aró.

Tí ẹ bá fẹ́ mú díẹ̀ délé, ẹ má ki ọ̀bẹ bọ àgbọn. Ọgbẹ́ ara àgbọn kì í jinná bíi ti máńgòrò. Ojú ibẹ̀ yóò wà bẹ́ẹ̀ títí. Ẹ̀ka máńgòrò tí atẹ́gùn dá sílẹ̀ ni kí ẹ ṣà. Ẹ kó o sínú àpò bébà, torí èbu ni yóò bò ó nínú ọ̀rá. Ẹ kọ ọjọ́, àdúgbò àti irú igi sí i lára.

Abẹ́ maikirosikópù ni ẹ̀rí wà. Ẹ bẹ́ kókó náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ kán omi sí i. Bí ẹ bá rí sẹ́ẹ̀lì roboto tí ògiri pín sí méjì tàbí mẹ́rin bí awẹ́ obì àbàtà, ìgbà náà ni kí ẹ tó kọ Tremella sára àpò yẹn.