Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá iye owó ìpín ilé-iṣẹ́ kan tọ́ kí a tó rà á

Ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tó fẹ́ ra ìpín ilé-iṣẹ́ ní ọjà BRVM tó fìdí kalẹ̀ sí Abidjan fún orílẹ̀-èdè 8 Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń ná sẹ́fà, ní láti kọ́kọ́ gba ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ náà. Ọdún kan kò tó, nítorí èrè lè ga lọ́dún tí wọ́n bá ta ilẹ̀. Kí ó ka ti ọdún 5.

Lẹ́yìn náà, kí ó fi iye ìpín tó wà lọ́wọ́ àwọn onípín pín èrè ọdún, kí ó sì fi ohun tó bá jáde pín owó ìpín kan. Bí ìpín kan bá jẹ́ 6,000 sẹ́fà, tí èrè tó kàn án sì jẹ́ 500, ìdáhùn jẹ́ 12: èrè ọdún 12 ni a fẹ́ san lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà yìí kò sọ nǹkan kan àfi bí a bá fi báńkì wé báńkì, tí a fi elépo wé elépo. Àwọn ìyá tó ń ra àgbàdo ní ọjà Ouando kì í sanwó láìbéèrè ní ìsọ̀ kejì. Bí èyí tí a fẹ́ bá wọ́n ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣé èrè rẹ̀ ń yára pọ̀ sí i ni?

Kí a wo gbèsè pẹ̀lú. Ní tèmi, àwọn ènìyàn ń ka èrè tí wọ́n ń pín fún onípín sí ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ilé-iṣẹ́ lè yá owó pín.

Kí ó tó pe alágbàtà, kí ó kọ iye tó gbà pé ó tọ́ sílẹ̀, kí ó sì yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò nínú rẹ̀, nítorí ìṣirò rẹ̀ lè ní àṣìṣe; kí ó má rà á ju iye tó kù lọ.