Ọmọ tó ń jẹ ṣọ́ọ̀kì: bí ẹ ṣe lè kọ́ kíláàsì yín nípa oúnjẹ tó ń fún ara lẹ́jẹ̀

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Primary 4 ni mò ń kọ́ níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọkùnrin kan tó máa ń jẹ ṣọ́ọ̀kì ló sì kọ́ mi ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí. Tí mo bá kọjú sí pátákó tí mo bá fi yíjú padà, àfọ́kù ṣọ́ọ̀kì orí tábìlì ti wọ ẹnu ẹ̀, ètè ẹ̀ á funfun. Mo nà án lọ́jọ́ bíi mélòó kan, mo ní ìwà burúkú ni. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì wá fún àwọn ọmọ lóògùn aràn, ó fa ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀ wálẹ̀, ó ní tíṣà, ẹ wá wo nǹkan. Inú ìpéǹpéjú tó yẹ kó pọ́n, ńṣe ló funfun bí ẹ̀kọ tútù. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ẹ̀, pé ọmọ tí áyọ́ọ̀nù, ìyẹn èròjà inú oúnjẹ tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ò bá tó lára ẹ̀ lè máa jẹ ṣọ́ọ̀kì, amọ̀, tàbí yẹ̀pẹ̀. Ó dùn mí wọra pé ọmọ tó ń ṣàìsàn ni mò ń nà.

Torí náà kí ẹ tó kọ́ wọn ní ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wò wọ́n. Ọmọ tó ti ń rẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù, tí ọwọ́ ẹ̀ funfun. Ọmọ tó jẹ́ pé tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á máa kọsẹ̀, á máa fọwọ́ wá ilẹ̀kùn, àìtó fítámìn A ló sábà máa ń fa ìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ń ya, ọrùn tó ń wú bíi gẹ̀gẹ̀. Tí ẹ bá rí i, ẹ pe òbí, kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀ fúnra yín o, àpọ̀jù áyọ́ọ̀nù máa ń ṣe ọmọdé ní jàǹbá gidi.

Ní ti ẹ̀kọ́ fúnra ẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí pátákó. Àwa náà há a sórí ní kékeré, carbohydrate, protein, ká tó délé a ti gbàgbé. Ẹ fún kálukú ní bébà, kó kọ gbogbo nǹkan tó jẹ lánàá látàárọ̀ títí tó fi sùn, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó máa fi ẹnì kejì ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú kíláàsì tèmi, ẹ̀kọ àti àkàrà láàárọ̀, gàrí lọ́sàn-án, láfún lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ló lọ lórí bébà lẹ́yìn bébà. Láfún tiwa yìí ò burú, ó ń gbé èèyàn ró, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ni, inú ọbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ wà, ọbẹ̀ ọ̀hún la sì ń ṣahun ẹ̀ fún ọmọdé, ẹran ńlá fún bàbá, omi ọbẹ̀ fún ọmọ. Ètò oúnjẹ iléèwé tí ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 2016, Primary 1 sí 3 ló wà fún, àwọn ọmọ tèmi ò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo kó wọn jáde sábẹ́ igi máńgòrò, mo fi igi ya abọ́ ńlá kan sínú yẹ̀pẹ̀. Mo ti ní kí kálukú mú nǹkan kékeré kan wá látilé: ewé tẹ̀tẹ̀, ẹ̀wà ẹ̀kúnwọ́ kan, ìrú nínú ọ̀rá, orí ṣàwá gbígbẹ, èèpo ẹyin, epo pupa díẹ̀ nínú ìgò, ọsàn. A wá ń tò ó sínú abọ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ kan bá ń gbé tiẹ̀ kalẹ̀ ni mò ń sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ̀wà, ẹja àti ìrú fún ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀fọ́ àti epo pupa fún ojú, torí fítámìn A ò lè wọ ara dáadáa láìsí epo, àmọ́ epo tí a bá gbé kaná títí tó fi funfun, fítámìn ẹ̀ ti jóná nìyẹn. Ọsàn kẹ́yìn, torí fítámìn C inú ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ara rí áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ gbà. Kajú náà ńkọ́? Nílùú wa yìí a máa ń yọ kóró ẹ̀ tà, a sì ń fi èso ẹ̀ sílẹ̀ kó jẹrà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ fítámìn C inú ẹ̀ ju ti ọsàn lọ dáadáa! Tí àsìkò ẹ̀ bá dé, kí àwọn ọmọ fọ̀ ọ́ kí wọ́n jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹyin máa jáde, ẹ múra sílẹ̀. Ìyá àgbà kan sọ fún mi nípàdé òbí pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin, olè ló máa dà. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, tí ẹ̀yin fúnra yín bá fi ẹyin sábọ́ ẹ̀, kí ló tún kù tó fẹ́ jí?" Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní àwọn á gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Ẹ má rán ọmọ lọ bá ìyá ẹ̀ pé tíṣà ní ọbẹ̀ yín ò dáa, ìjà lẹ dá sílẹ̀ yẹn.

Ìpàdé òbí yẹn náà ni mo ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ sísè. A ó bọ ẹ̀fọ́, a ó fún un títí, a ó da omi ewé yẹn sí gọ́tà, fítámìn C àti fólétì, fítámìn míì tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, á bá omi lọ. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kí ata jiná tán, kí ẹ wá dà á sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀. (Ewúro nìkan ni mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún, ẹnu ọmọ ò ní gbà á láìfọ̀.) Kàn-ún inú ewédú náà ń ba fítámìn jẹ́, ẹ dín in kù, kí ẹ fi ìjábẹ̀ jà á dáadáa. Iyọ̀ ńkọ́, ẹ wo ara ọ̀rá ẹ̀ bóyá wọ́n kọ iodised síbẹ̀, áyódìn ló ń lé gẹ̀gẹ̀, kí ẹ dé e pa, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Àwọn àbúrò tó wà nílé láti oṣù 6 títí di ọdún 5, ó yẹ kí wọ́n máa gba fítámìn A ní ilé ìwòsàn ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà.

Bàtà náà wà níbẹ̀ o, torí aràn kan wà tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Kò sí bí oúnjẹ ṣe lè dáa tó tí aràn yẹn bá ń mu ún. Ìyá olóúnjẹ tó ń tà ní gẹ́ètì, ẹ má lé wọn, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fọ́ ẹja díẹ̀ sínú ẹ̀wà, kí wọ́n máa gbé ọsàn bíbó sẹ́gbẹ̀ẹ́ súìtì.

Àwọn bébà ọjọ́ kìíní yẹn, ẹ tọ́jú wọn. Tí táàmù bá ń parí lọ, ẹ ní kí wọ́n kọ òmíì, kí ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọmọ oníṣọ́ọ̀kì tèmi, tí ìyá ẹ̀ ti gbé lọ fún ìtọ́jú, kọ "ẹ̀wà àti ṣàwá" sórí tiẹ̀, ó fi ìlà méjì sábẹ́ ẹ̀.